Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó fara pa nínú ọpọlọ: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní UK, èmi kì í ṣe dókítà o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Àmọ́ látìgbà tí ọmọ àǹtí mi kan ti já bọ́ lórí ọ̀kadà, tó lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún ní ICU kó tó di ọwọ́ ìyá ẹ̀ mú, gbogbo ẹni tó bá ti ní èèyàn nínú kóòmà ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà mi. Voice note lóru, voice note níbi iṣẹ́. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí bí wọ́n ṣe bi mí, kí n lè máa fi ránṣẹ́, torí ìka ti ń dùn mí.

Àǹtí, dókítà ní àwọn fẹ́ wo "biomarker". Kí ni ìyẹn gan-an?

Nǹkan tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni, àmọ́ tó ti jò jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ẹ jókòó sí pálọ̀, ilẹ̀kùn kíṣìnì tì pa, ẹ kàn gbọ́ gbàǹgà, kò pẹ́, omi ọbẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ò rí inú kíṣìnì o, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ìkòkò kan ti fọ́, bí ọbẹ̀ náà bá sì ṣàn dé ìdí àga yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìkòkò kékeré. Agbárí ni ilẹ̀kùn tó tì pa yẹn, purotéènì tó ń jò ni ọbẹ̀, iṣẹ́ láàbù ni láti wọ̀n ọ́n. Ohun tí ọbẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn ò lè sọ ni bóyá ẹ ṣì máa rí nǹkan jẹ lálẹ́ yẹn, torí ìyẹn wà lọ́wọ́ ìkòkò tó kù lórí iná, gáàsì tó ṣẹ́kù, àti ẹni tó ń dáná. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀? Orúkọ wọn le lẹ́nu.

Èmi náà létà ni mo fi ń pè wọ́n. GFAP ni ẹ máa gbọ́ jù, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú àwọn yòókù ló ti ń wá, àwọn tó ń gbé ọpọlọ ró bí igi àjà ṣe ń gbé òrùlé ró, astrocyte lorúkọ wọn. UCH-L1 ń bọ̀ láti inú neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ìrònú fúnra ẹ̀. NfL, okùn gígùn tí neuron fi ń ránṣẹ́ síra wọn ló ti ń wá, tí orí bá mì jìgìjìgì débi tí okùn yẹn fà ya, NfL á máa jò díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Tau náà wà nínú okùn yẹn kan náà. S100B àti NSE ni àgbà láàárín wọn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọn àwọn méjèèjì, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní wàhálà tiẹ̀, mo máa sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìjàǹbá náà ti wáyé láti Ọjọ́rú. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Ó dá lórí ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. UCH-L1 tètè ń jáde, láàárín wákàtí kan ó ti hàn, nǹkan bíi wákàtí 8 ló ga jù, lẹ́yìn náà ó ń sá wálẹ̀. GFAP náà tètè ń hàn àmọ́ nǹkan bíi wákàtí 20 ni tiẹ̀ tó dé òkè, ó sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà tọjọ́ Ẹtì yẹn ṣì wúlò fún GFAP. S100B ní tiẹ̀, ká ní ẹ ti sùn kẹ́ ẹ tó lọ wò ó, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti lọ. NfL ò yára rárá, láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ọ̀sẹ̀ kẹfà ló ń dé òkè, ẹ lè rí i kó ṣì ga lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé tí wọ́n bá fún yín ní nọ́ńbà, ẹ bèèrè aago. Ìgbà wo ló ṣèṣe, ìgbà wo lẹ gba ẹ̀jẹ̀? Nọ́ńbà tí ò ní aago lára, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe.

Àbí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ jù? Màmá wa ní ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ tán lára ẹ̀.

Ẹ bá mi kí màmá. Ìgò kékeré kan ni, bíi ṣíbí tíì kan péré, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà fún PCV tàbí ṣúgà àárọ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé àyẹ̀wò yìí lè sọ bóyá ẹ̀gbọ́n mi máa jí?

Ohun tí gbogbo yín fẹ́ bi mí gan-an nìyí, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fi òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Kò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n yín lágbájá máa jí tàbí kò ní jí.

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ ìwádìí kan ṣàlàyé. Ètò ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní TRACK-TBI. Ní 2022, wọ́n gbé èsì kan jáde nínú Lancet Neurology, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ: èèyàn 1,696 tó fara pa lórí, àtàwọn tí tiwọn ò le púpọ̀ àtàwọn tí tiwọn le gan-an, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèṣe gẹ́lẹ́, wọ́n wọn GFAP àti UCH-L1, wọ́n wá dúró oṣù mẹ́fà kí wọ́n wo ibi tí kálukú bá a dé. Tẹ́ ẹ bá mú ẹnì kan tó kú àti ẹnì kan tó yè nínú wọn, tẹ́ ẹ ní kí GFAP nìkan tọ́ka sí èyí tó kú, á gbà á ní nǹkan bí ìgbà 87 nínú 100, UCH-L1 á gbà á ní 89. Ìyẹn ga o, kẹ́nikẹ́ni má fojú kéré ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ya ẹni tí ara ẹ̀ máa padà sípò pátápátá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí nǹkan díẹ̀ á ṣì kù sí lára, 62 àti 61 ló gbà. Ẹ ju kọ́bọ̀ sókè lásán, 50 lẹ máa gbà.

Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ mọ ẹni tí ikú ń lé ju bó ṣe mọ ẹni tó máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sì wo ìgbà 13 tó ṣẹ́kù nínú 100 yẹn dáadáa. Nínú ìgbà 13 yẹn, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ burú jù gan-an ló yè, ẹni tí tiẹ̀ dáa ló kú. Nọ́ńbà yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹ̀yin sì rèé, ẹnì kan ṣoṣo lẹ ní lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ńbà ẹ̀ ga gan-an. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé ká ní kí wọ́n yọ mọ́ṣíìnì tó ń bá a mí.

Mo bẹ yín, ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe irú ìpinnu yìí, pàápàá láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí níbẹ̀ rèé: tí dókítà bá ti gbà pé nọ́ńbà gíga, ikú ni, á yọ mọ́ṣíìnì, aláìsàn á kú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà ga, ó kú, ẹlòmíràn á ka ìwé yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á yọ mọ́ṣíìnì. Nọ́ńbà wá ń jẹ́rìí fún ara ẹ̀.

Àwọn TRACK-TBI yìí náà wo ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé e jáde ní 2024. Wọ́n mú àwọn tí wọ́n yọ mọ́ṣíìnì fún, wọ́n wá àwọn tí ipò wọn jọ tiwọn àmọ́ tí wọn ò yọ tiwọn, wọ́n rí i pé lára àwọn tó yè nínú àwọn kejì yìí, ó lé ní 40 nínú 100 tó padà ń dá nǹkan díẹ̀díẹ̀ ṣe fúnra wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2021, wọ́n ti sọ nípa àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa gan-an pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan bí 12 nínú 100 péré ni ipò wọn dáa díẹ̀, kí ọdún kan tó pé, wọ́n ti di 52, àwọn tó jẹ́ pé ó kéré tán ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ nílé fún wákàtí mélòó kan. Èyí tó wú mi lórí jù ni àwọn 79 kan tó la ojú àmọ́ tí wọn ò mọ nǹkankan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 62 nínú wọn ló padà mọ ara wọn láàárín ọdún kan. Àmọ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ o, nínú 56 tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ wọn, 14 ló lè sọ ibi tí wọ́n wà àti ọjọ́ tó jẹ́. Kéèyàn mọ ara ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ti padà.

Mi ò sọ pé ká fi irọ́ tu ara wa nínú, àwọn kan ò ní jí. Tí àwọn dókítà bá sì ti ṣe àyẹ̀wò ikú ọpọlọ, tó jẹ́ pé kò mí fúnra ẹ̀ rárá, tí ọmọlójú ò dáhùn, tí kò húkọ́ nígbà tí wọ́n fi rọ́bà kan ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ìyẹn.

Kí ló dé tí dókítà ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà dípò kó lọ wo ẹ̀jẹ̀?

Torí pé ojú yẹn ń sọ̀rọ̀. GCS tí wọ́n kọ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fún bí ẹni náà ṣe ń la ojú, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń gbé ara, ní Glasgow ni wọ́n ti ṣe é ní 1974, 3 ló kéré jù, 15 ló pọ̀ jù, tó bá ti jẹ́ 8 wá sísàlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní èyí tó le gan-an. Ìṣirò méjì kan wà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé láti fojú díwọ̀n ibi tí nǹkan máa já sí, IMPACT àti CRASH. Ti CRASH, èèyàn 10,008 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni ọjọ́ orí, bí ọwọ́ ṣe ń gbé tí wọ́n bá fún un níka, ọmọlójú, àti ohun tí CT scan fi hàn. IMPACT tún ń wò ó bóyá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) ti já wálẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ò tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ o, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti haemoglobin, ìyẹn ẹ̀gbọ́n PCV tí gbogbo ọsibítù ń ṣe.

Ẹ rí i? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ nǹkan nípa ọjọ́ iwájú ti wà nínú fáìlì ẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n fi GFAP àti UCH-L1 kún IMPACT fún àwọn tí GCS wọn wà láàárín 3 sí 12, ìṣirò náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi kún un ni, kò gba ipò ẹ̀.

Mo kà á pé FDA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn, ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Kí ló wá kù?

Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí kọ́ lẹ rò. Ní February 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí GFAP pẹ̀lú UCH-L1, ní 2021 ti ilé iṣẹ́ Abbott tó ń lo mọ́ṣíìnì kékeré tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ tẹ̀ lé e, ní 2024 wọ́n wá fọwọ́ sí èyí tí wọ́n lè fi odindi ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe fà á ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí èsì ẹ̀ ń jáde ní ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí orí wọn fara pa díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, GCS 13 sí 15, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni pé kó sọ bóyá CT scan pọn dandan àbí kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tó wà ní ICU tó ń fi mọ́ṣíìnì mí, kò sí ẹni tó ń bèèrè bóyá kó ṣe CT scan. Ẹ̀yin ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ń da àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ má bínú.

Nǹkan ń yí padà ṣá. Ní 2025, àwọn ògbógi gbé ọ̀nà tuntun kan kalẹ̀ tí wọ́n máa fi sọ bí ìpalára orí ṣe le tó, CBI-M lorúkọ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ní àyè tiẹ̀ nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ GCS àti scan, tẹ́lẹ̀ GCS nìkan ló ń dá ìdájọ́.

Àwọn tó wà nílé ní ká fowó ránṣẹ́, ká gbé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ sí láàbù aládàáni fún àyẹ̀wò yìí. Ṣé ká ṣe é?

Tó bá jẹ́ pé owó yẹn nìkan lẹ ní, èmi ò ní ṣe é. Ẹ fi ṣe CT scan tí wọn ò bá tíì ṣe é, tàbí ẹ tún un ṣe tí ipò ẹ̀ bá yí padà lójijì, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú agbárí, abẹ lè yọ ọ́, abẹ ò lè yọ GFAP. Ẹ fi san bẹ́ẹ̀dì ICU. Ẹ rí i pé ọ́síjìn ò dáwọ́ dúró, pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò já wálẹ̀, pé wọ́n ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má bàa mú un, pé oúnjẹ ń gba rọ́bà imú wọlé. Nǹkan wọ̀nyí ń yí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ padà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kàn ń gbìyànjú láti sọ ọ́ ṣáájú ni.

Tí wọ́n bá láǹfààní láti gbé e dé ibi tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà, ìyẹn ló ṣáájú ohun gbogbo. A kúkú ní wọn. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ní 1962, Michigan ló sì ti kọ́ ọ, Michigan yẹn kan náà tí ẹni tó ṣáájú ìwádìí 2022 tí mo sọ lókè ti ń ṣiṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn ìyẹn ni.

Ṣé àwọ̀ ara ń yí èsì padà?

Ìbéèrè gidi nìyí, ẹ̀gbọ́n kan ní London ló bi mí. Fún S100B, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí kan ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 2003 pé ìwọ̀n S100B nínú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí ara ẹ̀ le koko máa ń ga ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Kì í sì í ṣe ọpọlọ nìkan ló ti ń wá, ó wà nínú ọ̀rá ara, ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ara ní àwọ̀, tí egungun bá ṣẹ́ ó tún ń ga. Àwọn ará Sweden, Norway àti Denmark ń lò ó láti mọ ẹni tí kò nílò scan, 0.10 ni ààlà wọn. Ẹ wá gbé ààlà yẹn lé ọmọ Yorùbá kan lórí tí itan ẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé á kọjá ẹ̀, ọpọlọ ì báà má ní nǹkankan. GFAP sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, torí ọpọlọ ló ti ń wá jù.

Láàbù lè ṣe àṣìṣe?

Hmm. Ẹ̀yin lẹ ń bi mí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fà pẹ̀lú agbára, tàbí tí wọ́n mì bí ẹni ń po Bournvita, tàbí tó jókòó sínú ọkọ̀ lóòrùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀ á bẹ́, omi tó yẹ kó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ á wá pọ́n bíi sobo. Wàhálà NSE tí mo ní mo máa sọ nìyí: NSE wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa náà. Tó bá ti bẹ́, NSE á ga, wọ́n á ní ọpọlọ ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Mo ti da irú ẹ̀ nù ju ìgbà tí mo lè kà lọ, nọ́ọ̀sì á pè, á bínú, èmi náà á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbà.

Bàbá wa ò fi orí gbá nǹkankan, ọkàn ẹ̀ ló dúró, wọ́n jí i padà àmọ́ kò tíì mọra. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn án?

Ó kàn án, ibẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wọnú ìlànà àwọn dókítà jù. Ìlànà àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ti 2021 sọ pé tí NSE bá kọjá 60 ní wákàtí 48 tàbí 72 lẹ́yìn tí ọkàn dúró, àmì búburú ni. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kan náà ò gba kó dá nìkan jẹ́rìí, ó kéré tán àmì méjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, bí ọmọlójú tí ò dáhùn, àyẹ̀wò iná ọpọlọ, tàbí scan, wọn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ àròpọ̀ yẹn ṣáájú wákàtí 72. Oògùn oorun náà gbọ́dọ̀ ti kúrò lára ẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa oògùn oorun yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Ó ti ń la ojú báyìí! Ṣé kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀?

Ẹ kú oríire. Kò pọn dandan, àfi tí wọ́n bá ń ṣèwádìí tí wọ́n fẹ́ wo NfL. Láti ibí lọ, òun fúnra ẹ̀ lẹ máa wò, lílajú nìkan ò tíì túmọ̀ sí pé ó ti jí. Ẹ pè é lórúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, kì í ṣe èyí tó wà lára fáìlì, kí ìyá ẹ̀ ki oríkì ẹ̀ díẹ̀, ẹ wá dákẹ́, ẹ wo bóyá orí tàbí ojú ẹ̀ yí síbi tí ohùn ti wá. Ẹ ní kó fún yín lọ́wọ́ mọ́ra, kó tún tú u sílẹ̀, torí ọwọ́ lè dì fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbọ́ yín, títú u sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ní kó tú u ló ṣe pàtàkì. Kẹ́ ẹ sì mú dígí kékeré lọ. Nínú àyẹ̀wò tí àwọn dókítà ń fi mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ń mọra, dígí wà lára irinṣẹ́ wọn, torí èèyàn máa ń fi ojú tẹ̀ lé ojú ara ẹ̀ kó tó tẹ̀ lé ti ẹlòmíràn. Ẹ gbé e síwájú ẹ̀, ẹ rọra sún un sọ́tùn-ún, ẹ sún un sósì, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí àti aago tẹ́ ẹ rí i sílẹ̀, ẹ fi han nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.